Ọjọ́ Tí A Bi Igò Léèrè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Kí ara ó le o. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Kì í ṣe pé ẹnìkan sọ ọ́ fún mi, ojú mi ló ṣe.

Òwe kan wà tí wọ́n máa ń pa: “Bí ìwé bá ń bá ìwé jà, igò ni ká bi.” Ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Ládùúgbò wa níbí, lẹ́yìn Ọ̀tà, tọmọdé tàgbà ló ń pa á. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó pásítọ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ọ̀mùtí ló kọ́kọ́ pa á. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Kì í ṣe igò ọtí o. Igò oògùn ikọ́ ni, èmi gan-an ni mo sì gbé e jáde.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, oògùn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀hún kì í ṣe tiwọn. Ẹ mọ ẹlẹ́rọ ata? Ata kì í ṣe tiẹ̀. Ẹni tó gbé ata wá ló ni ata, tiẹ̀ ni kó lọ̀ ọ́ kúnná. Bẹ́ẹ̀ làwa náà wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá l'Ékòó á ní ká bá àwọn se oògùn, a ó sè é, a ó rọ ọ́ sígò, orúkọ tiwọn ló máa wà lára rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi kéré. Yàrá tútù kan wà tí wọ́n kan pákó mọ́ ara ògiri rẹ̀ yíká, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ. Ìkòkò yòówù tí wọ́n bá sè, ìkòkò onírin tó ga ju èèyàn lọ ni mo ń wí o, mo máa mú igò tó kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ àti èyí tó jáde gbẹ̀yìn. Mo máa so páálí pélébé mọ́ wọn lọ́rùn, mo máa kọ nọ́ńbà ìkòkò sí i, mo máa tò wọ́n sórí pákó. Òfin oògùn ni pé kí wọ́n máa tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá sè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Onígò.

Wàhálà dé lọ́dún tí wọ́n ní kọ̀mpútà tiwa àti kọ̀mpútà àwọn oní-oògùn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ti rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣebí gbogbo wọn jọ ń tan iná ni. Wọ́n ní rárá, pé wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ni ẹnjiníà kan bá dé láti Èkó, Jọláadé lorúkọ rẹ̀, ó ní òun máa tẹ́ afárá sáàárín wọn. Mo wo ilẹ̀ títí, n ò rí afárá kankan. Ó ní inú kọ̀mpútà ló wà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Afárá ò tíì lò tó oṣù méjì, làwọn oní-oògùn bá pè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní ọsibítù kan dá oògùn ikọ́ ọmọdé padà. Oògùn dì mọ́ ìsàlẹ̀ igò gbagidi, wọ́n mì ín mì ín, kò yòrò. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn o. Ọmọ tó bá mu ti òkè, omi ṣúgà lásán ló mu. Èyí tó bá mu ti ìsàlẹ̀, oògùn á pọ̀ jù fún un. Jọláadé tẹ nọ́ńbà tó wà lára igò náà sínú kọ̀mpútà. Afárá gbé e kọjá. Kọ̀mpútà tiwa dáhùn pé ìkòkò kọkànlá ni.

Fadérera ló sì se ìkòkò kọkànlá.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́ fún yín, n ò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ bíi Fadérera. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nídìí ìkòkò. Tó bá ti ń sè, ìyá tó bí i gan-an ò lè pè é lórí fóònù kó gbé e. Òun ni Ọ̀gá Mákinwá, máníjà wa, wá ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà fún pé kó máa lọ sílé. Wọ́n ní kí wọ́n da gbogbo ìkòkò kọkànlá nù. Ìkòkò kejìlá tí wọ́n sè tẹ̀ lé e, tí púpọ̀ nínú páálí rẹ̀ ṣì wà nílé ìkẹ́rù, wọ́n ti ń kó o sínú ọkọ̀, torí kọ̀mpútà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá gbàwé tí n ó fi da igò ìkòkò kọkànlá tó wà lọ́dọ̀ mi nù. Bí mo ṣe wọ ọ́fíìsì, ariwo ni mo bá. Kọ̀mpútà méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n kọjú síra wọn bí orogún.

Fadérera dúró, kò sunkún. “Ọ̀gá, mo mọ ìkòkò mi. Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìkòkò kọkànlá gbẹ tán, tí gbogbo rẹ̀ ti wọ igò, kọ̀mpútà tiwa náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo tiwọn. Ó ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé igò ọsibítù yẹn. Kí ni wọ́n wá rọ sínú rẹ̀ láago méje? Itọ́ mi?”

Ọ̀gá Mákinwá fọwọ́ lérí. “Ẹnjiníà, èwo ló ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì?”

“Kò sí èyí tó ń purọ́, sà.”

“Èmi ni mo wá ń purọ́ nìyẹn?” ni Fadérera bi í.

Jọláadé nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní tiwa ń ka ìkòkò: ìkòkò kan, nọ́ńbà kan. Tiwọn ń ka ọjọ́: gbogbo ohun tó bá wọ igò lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà kan ni wọ́n ń fún un. Afárá òun wá máa ń wo ìkòkò tó kọ́kọ́ wọ igò lọ́jọ́ náà, á sì so àwọn nọ́ńbà méjèèjì pọ̀.

Mo ṣí fìlà, mo tún un dé. Mo ní, “Ẹ má bínú o, kò yé mi. Ẹ ní tiwa ń fi ìyá mọ ọmọ, tiwọn ń fi ọjọ́ ìbí mọ̀ ọ́n. Bí ìyá méjì bá wá bímọ lọ́jọ́ kan náà ńkọ́?”

Ọwọ́ Jọláadé dúró lórí kọ̀mpútà.

“Ìyá méjì ló bímọ lọ́jọ́ yẹn,” ni Fadérera wí. “Mo ti lọ sílé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìkòkò kejìlá sígò ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n rọ èyí tó kù. Mo gbọ́ pé iná lọ mọ́ àwọn tó sè é lọ́wọ́ nígbà tí ṣúgà ń yòrò, jẹnẹrétọ̀ sì rò ó títí kó tó gbéra.”

“Sà, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń rọ ìkòkò méjì lọ́jọ́ kan,” ni Jọláadé sọ.

Ọ̀gá ní, “Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì? Nọ́ńbà ìkòkò ò sí lára igò ọsibítù. Ìwé wa ń bá ìwé wọn jà.”

“Ẹ jẹ́ ká bi igò, ọ̀gá,” ni mo wí. “Ó wà lọ́dọ̀ mi. Èyí tí ẹ ní kí n lọ dà nù yẹn náà ni.”

“Bàbá Onígò, igò ò lẹ́nu.”

“Kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣojúsàájú.”

Mo lọ gbé mẹ́rin wá: àkọ́jáde àti àjáde-kẹ́yìn ìkòkò kọkànlá, àkọ́jáde àti àjáde-kẹ́yìn ìkòkò kejìlá. Fadérera fúnra rẹ̀ ló dorí wọn kodò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì àkọ́kọ́ ṣàn wálẹ̀ gẹ́rẹ́ bí oyin, ìsàlẹ̀ igò mọ́ kedere. Ó dorí ti ìkòkò kejìlá kodò. Omi ṣàn wálẹ̀, nǹkan funfun sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ igò, kò mira. Ìkejì náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Mákinwá ò dúró wọ bàtà tó ti bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ìbọ̀sẹ̀ ló fi sáré, tó ń pariwo pé kí wọ́n ti géètì. Imú ọkọ̀ ti jáde sí títì nígbà tó bá a.

Nígbà tó dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Fadérera ló tún sọ pé, “Ẹ má fi ti ojú nìkan ṣe o. Ẹ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún àwọn tó ń yẹ oògùn wò.” Wọ́n gbé e lọ. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ kí èsì tó dé: kọkànlá dára, kejìlá bàjẹ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n dá gbogbo kejìlá dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ sáwọn ọsibítù kí wọ́n má fún ọmọ kankan nínú igò Ọjọ́bọ̀ àti ti Ọjọ́ Jímọ̀ títí wọ́n fi máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀gá fẹ́ ya lẹ́tà yẹn. Fadérera ní rárá, kó fún òun, lẹ́tà òun ni. Ó kà á tán níbi tó dúró sí. Ó ní, “Ọdún mọ́kàndínlógún. Ìlà mẹ́rin.” Òun fúnra rẹ̀ ló wá ya á. Ọ̀gá ní kó má bínú, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fadérera dá a lóhùn pé ìkòkò kan wà lórí iná, ó sì padà sídìí rẹ̀.

Jọláadé tú afárá rẹ̀ palẹ̀, ó tún un tẹ́. Ní báyìí, ìkòkò àti ọjọ́ ló jọ ń kọjá lórí rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi dáadáa, kò tíì yé mi di òní.

Ọ̀gá Mákinwá gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn dòwe. Bí àríyànjiyàn bá ti ṣẹlẹ̀ nípàdé, á ní, “Bí ìwé bá ń bá ìwé jà, igò ni ká bi.” Àwọn awakọ̀ gbé e jáde ní géètì, ó sì di tìlú. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí èèyàn méjì tí wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, tí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí sì wà nítòsí, òwe tí wọ́n máa pa nìyẹn: pé kí wọ́n lọ fojú ara wọn wo nǹkan náà kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Mo ti sọ tèmi. Ẹ̀yin náà, òwe wo ni wọ́n ń pa níbi iṣẹ́ yín tàbí ládùúgbò yín, tí ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa bó bá ṣe wá sí yín lẹ́nu. Ẹ má dúró de ẹni tó kàwé jù yín lọ.