Òkúta Abẹ́ Igi Ọ̀dán

Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ogójì ọdún ni Lásúnkànmí fi ṣe bíríkìlà. Okùn ìdiwọ̀n ti mọ́ ọn lára débi pé ara rẹ̀ kì í gba ohun tó bá wọ́.

Ọmọ ìlú olókè ni ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún kò jẹ́ kó lè gun òkè wọn mọ́. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó to òkúta sábẹ́ igi ọ̀dán ilé wọn, kó rí bí ẹ̀yìnkùlé ìyá òun, kí òun máa rí i wò kí òun tó kú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lásúnkànmí tò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gún régé.

"Baba Bọ́lárìnwá, ẹ tún ti mọ ògiri," ni ìyàwó wí.

Baba tún tú u ká. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Òkúta kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó fẹ̀gbẹ́ ti gbòǹgbò igi. Baba wò ó títí, kò lágbára àtigbé e mọ́. Ó jókòó sílẹ̀.

"Kó kúkú wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!" Omi ti lé ròrò sójú ìyàwó. "Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe rí."

Baba jẹ́ kí ìyókù bọ́ síbi tó wù wọ́n, ó ri ìdí wọn mọ́lẹ̀.

Òjò ọdún méjì rọ̀, ewédò bò wọ́n. Àlejò kan dé, ó wo abẹ́ igi, ó mi orí.

"Baba, ẹ̀yin bíríkìlà! Ẹ ò ṣe hú àwọn òkúta yìí kúrò kẹ́ ẹ tó kọ́lé?"

Baba wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí ni."