Ohun Tí Asẹ́ Gbé Jáde Lódò

Làmídì fín oògùn apako sí koríko oko rẹ̀ tán, ó gbé páǹpù rẹ̀ lọ fọ̀ lódò bó ti máa ń ṣe. Ó bá àwọn ọmọ iléèwé níbẹ̀, tíṣà wọn kó wọn wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá inú omi.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ síbẹ̀!” Fadérera, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nínú wọn, ló ké bẹ́ẹ̀.

“Ṣé kòkòrò ló rán ọ sí mi?” Làmídì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ náà gbé asẹ́ méjì tí wọ́n fi kó kòkòrò inú odò wá. Nínú ọ̀kan, kòkòrò òkè odò ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Nínú èkejì, àwọn tí wọ́n kó níbi tí Làmídì ti fọ páǹpù lánàá ti kú pátá. Nísàlẹ̀ odò, ìyàwó rẹ̀ ń pọn omi mímu lọ́wọ́.

“Àṣàkẹ́, da omi yẹn nù!” Làmídì ké sí i, ó sì gbé páǹpù rẹ̀ kúrò létí odò.

Lọ́sàn-án, Làmídì pe tíṣà àtàwọn ọmọ sí iyán, ó sì fa Fadérera sídìí àwo tirẹ̀ gan-an.

“Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. O ṣeun, ìyá mi. Bù ú jẹ.”