Àfọ́kù Òkúta Inú Láfún

Ọkùnrin bíríkìlà kan wà ní ìlú kan tí àpáta ti pọ̀ ju ilẹ̀ oko lọ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó fọ sìmẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ̀ nù, kì í lọ sí ìdí ayò, kì í lọ sí ìdí ẹmu. Òkúta ló máa ń lọ gbẹ́. Àpáta ńlá kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò tẹ́ àpò lé itan, tí yóò fi ọmọ ọlọ fọ́ òkúta aláràbarà sí pẹlẹbẹ, kó tó wá mú ìwo àgbọ̀nrín, tí yóò máa fi tẹ etí òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni òkúta ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, títí tí yóò fi di ọ̀bẹ. Àwọn kan pupa bí epo, àwọn kan ní ìlà bí àwọ̀ ewé, àwọn mìíràn sì ní funfun tó là wọ́n láàárín kọjá. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ọ̀bẹ. Ìgbádùn rẹ̀ ni. Bó bá parí ọ̀kan, yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò rí ìmọ́lẹ̀ ní etí rẹ̀, inú rẹ̀ yóò sì dùn bíi pé òun gan-an ló dá òkúta.

Orí àpáta yìí náà ni ìyàwó rẹ̀ ń sá láfún sí. Obìnrin náà ti kìlọ̀ fún un.

"Bàbá Móríyìkẹ́, ohun ẹnu là ń sá síbí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíràn jókòó sí."

"Ìsàlẹ̀ ni mo wà, òkè ni láfún wà," ni ọkọ fèsì. "Àfọ́kù òkúta kì í gun òkè."

Òótọ́ ni, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, òkúta kan tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tí kò rí irú rẹ̀ rí, pupa àti funfun tó lọ́ mọ́ra. Bí oòrùn ti ń wọ̀, òjìji bo ìsàlẹ̀ àpáta. Kò fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ọ̀la. Ó bá sún sókè, ó tún sún sókè, títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ láfún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kù sí. Ó rí i tí àfọ́kù ń ta sínú láfún. Ó ní bí òun bá parí, òun yóò ṣà á. Ó parí lóòótọ́, ó sì ṣà á. Ó ṣa àwọn tó pupa tán pátápátá. Ṣùgbọ́n láfún funfun, òkúta funfun, ojú kò rí ìyẹn. Ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ro ohun tí ìyàwó òun yóò sọ, ó sì ní bóyá atẹ́gùn yóò gbé wọn lọ.

Láfún gbẹ. Ìyàwó kó o lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́.

Káfíńtà kan wà ní òdìkejì odò tí òun àti bíríkìlà yìí ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe wọn. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ pẹ́, ọ̀fun rẹ̀ sì kọ oúnjẹ, àfi ògì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé láfún ń wu òun í jẹ. Inú ìyàwó bíríkìlà dùn nígbà tó gbọ́. Ó jọ díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà kún igbá, ó fi ránṣẹ́ sí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló jókòó tó ń jọ èyí tó kù. Lójijì ló fa ọwọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìka rẹ̀. Ó gbọn ajọ̀, ó mú ohun kan tó ń dán jáde nínú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

Bíríkìlà wò ó. Ẹ̀rọ ti fọ́ ọ kéré, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú síbẹ̀. Bí èyí bá kù sórí ajọ̀, a jẹ́ pé àwọn tó kéré jù ú lọ ti bá ojú ajọ̀ kọjá.

"Ó jọ àfọ́kù ìgò," ló wí. "Má ro láfún yẹn o. Mò ń bọ̀."

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ó ti bọ́ síta.

Ó gba ọ̀nà odò. Bí kò bá sí ènìyàn lójú ọ̀nà, yóò sáré. Bó bá rí ènìyàn, yóò rọra máa rìn, kí wọ́n má baà bi í pé kí ló dé. Bó ti ń lọ ló ń wá ohun tí yóò sọ. Ṣé kí òun ní láfún náà ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí òun ní ìyàwó òun ṣèèṣì bu ti ẹlòmíràn fún wọn? Ó tún ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kò tilẹ̀ sí nǹkan nínú igbá tiwọn. Ọ̀nà tó ti mọ̀ láti kékeré wá gùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Bó ti yọ sí ilé káfíńtà, ó gbúròó orógùn nínú ìkòkò. Wọn kò tíì jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kó pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí i, ó ń rẹ́rìn-ín sí i láti orí àga.

"Ẹni tí mo ń rò nìyí! Káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni bíríkìlà wí. "Ara tìrẹ ńkọ́?"

"Ara ti ń mókun. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ. Ebi gidi ń pa mí lónìí."

Oúnjẹ dé. Èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà gbé omi ìṣanwọ́ kalẹ̀. Bíríkìlà ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ń retí kí obìnrin náà wọlé ná, kí ìtìjú náà lè mọ sáàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì. Obìnrin náà kò wọlé. Ó dúró, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ìyá tí ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Káfíńtà bu òkèlè.

"Wá jẹun," ló sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹnu bíríkìlà sì dáhùn fúnra rẹ̀, bí ẹnu gbogbo wa ti máa ń ṣe:

"Á gba ibi ire o."

Òkèlè wọlé.

Ìgbà tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde ni jìnnìjìnnì mú un. Ó fò dìde, ó gbá àwo náà dànù.

"Òkúta! Òkúta mi wà nínú rẹ̀! Tu ú dànù! Tu ú!"

Káfíńtà ti gbé e mì. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, ó ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tú láfún gbígbóná náà nílẹ̀. Ó rí ọ̀kan. Ó tún rí òmíràn.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Bí inú bá ń ro ó, bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, kí wọ́n tètè pe òun. Bíríkìlà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wúkọ́, yóò dìde. Bí ilẹ̀kùn bá dún, yóò dìde. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ wá bá a, ibẹ̀ ló sì ti jẹ́wọ́ fún un. Obìnrin náà wo ìka rẹ̀ tó fi aṣọ dì, ó sì sún jìnnà sí i lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀jẹ̀ jáde lóòótọ́. Ó jáde, ó dá, ó tún jáde, kó tó dáwọ́ dúró pátápátá. Káfíńtà kò kú, ṣùgbọ́n orí ògì ló tún padà sí, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí káfíńtà padà sílé, bíríkìlà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Dárí jì mí. N kò mọ̀ọ́mọ̀ da òkúta sí i."

"Mo mọ̀," ni káfíńtà wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Èmi náà ti gbàgbé ìṣó sórí àga oníàga rí. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn ni pé o jókòó tì mí, o mọ̀, o sì ṣàdúrà sí òkèlè náà fún mi."

Bíríkìlà wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, má tètè bú ọkùnrin yìí. Kò níkà nínú. Ìtìjú kékeré kan ló ń tọ́jú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀ san án. Wo ara tìrẹ náà. O mọ ohun tí ọwọ́ ọkùnrin kan ṣe sí ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, o sì jókòó níbi tó ti ń tọrọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ níyàwó, ò ń ṣe àmín. O mọ̀ pé bíréèkì ọkọ̀ tí o tà fún aládùúgbò rẹ kì í mú dáadáa, o sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀, ò ń kí i pé á lọ ire, á bọ̀ ire. Àdúrà tí a fi bo ohun tí a mọ̀ mọ́lẹ̀ kì í gòkè lọ síbì kankan. Ọ̀fun ọmọnìkejì ẹni ló ń gbà lọ.

Ẹni náà ti ń bu òkèlè báyìí. Dìde, lọ bá a. Bó bá kí ọ, má tíì dáhùn. Sọ ohun tí o mọ̀ ná.