Ìgbín àti Onílé Abẹ́ Táǹkì

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bá Ìgbín níbi tó ti ń wọ́ bọ̀ lábẹ́ géètì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nígboro. Oòrùn ti mú. Bí kò bá tètè ríbi tútù, ẹ̀yin ọmọ, yóò gbẹ mọ́ inú ìkarawun ni!

Ibì kan ṣoṣo ló tutù, abẹ́ táǹkì omi tó ń jò. Alángbá olórí pupa, tó sọ ara rẹ̀ di baba onílé, sì ti dúró síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wọlé?"

"Rárá o! Ta ló ń gbé ilé wọ ilé onílé?" Ṣùgbọ́n orí Alángbá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, bàbá. Àgbà kì í mi orí lásán." Ìgbín sún mọ́ ọn.

"Mo ní rárá! Ṣé adití ni ọ́ ni?" Orí tún mì. Ìgbín tún dúpẹ́, ó tún sún.

Ni Alángbá bá fi àgbọ̀n ti ògiri, ó mú ọrùn le gbagidi. Ìgbín rí i pé orí kò mì mọ́. Ló bá dárin, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà orí igi máńgòrò sì ń gbè é. Ẹ̀yin náà, ó yá:

Baba onílé, ṣé kí n wọlé?
Tẹ̀rẹ̀ńtẹ̀!
Oòrùn ń jó mi lẹ́yìn ọrùn,
Tẹ̀rẹ̀ńtẹ̀!
Ẹ forí dáhùn, ẹ má sọ̀rọ̀,
Tẹ̀rẹ̀ńtẹ̀!

Orin wọ Alángbá lára. Orí fò sókè, orí bọ́ sílẹ̀, tẹ̀rẹ̀ńtẹ̀, tẹ̀rẹ̀ńtẹ̀! Ẹ̀gà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fẹ́ẹ̀ já bọ́. Ìgbín kọjá lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó wọnú ẹrẹ̀ tútù.

Alángbá wo Ìgbín, ó wo ẹ̀gà, ó gun ògiri, ó bá tirẹ̀ lọ.