Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Òde Òní Kò Fi Ní Ẹnu Tó Ń Gbé Díísìkì Mì

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹnu kọ̀ǹpútà kò tíì dí, gbogbo wọn ló ń gbé díísìkì mì. Ohun tí ọ̀kan bá ní nínú, á pọ̀ ọ́ sórí díísìkì pẹlẹbẹ, èkejì á sì gbé e mì. Kò sí ìjà, kò sí asọ̀.

Ní ìlú Ìdó-Omi, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbírónkẹ́. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe. Ogún ọdún ló fi ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn, tó ń bi wọ́n bí agbolé kọ̀ọ̀kan ṣe dé ìlú náà. Ohun tí wọ́n bá sọ, á tẹ̀ ẹ́ sínú Bàbá Makintọ́ọ̀ṣì, kọ̀ǹpútà àgbà tí ojú rẹ̀ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Bàbá kò ní àká tó lè kó nǹkan pamọ́ sí nínú. Orí díísìkì méjì péré ni gbogbo ìtàn náà wà.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ìbírónkẹ́ bá ra Alágbèéká, kọ̀ǹpútà tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó yára bí àṣá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọdé yìí bá yín tọ́jú ìtàn wọ̀nyí kí ojú yín tó fọ́."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Kò burú. Ṣùgbọ́n gbọ́, ìwọ Alágbèéká. Fáìlì mi kọ̀ọ̀kan ní ara, ó sì ní aṣọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ara. Aṣọ ló ń sọ ilé tó ti wá àti bí a ó ṣe kà á. Má bọ́ aṣọ lára wọn o. Ohun tí kò bá yé ọ, bi mí."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Alágbèéká wí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó gbé díísìkì kìíní mì, ó ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì náà sínú, ó sì rí aṣọ lára wọn. Nílé tirẹ̀, fáìlì kì í wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. "Ẹrù lásán rèé," ló wí. Ó bọ́ gbogbo rẹ̀, ó dà á nù.

Ìbírónkẹ́ ṣí ìtàn agbolé Olúóde. Àmì jágbajàgba ló kún ojú kọ̀ǹpútà.

"Alágbèéká, kí lèyí?"

"Ìyá, mo mọ̀ pé fáìlì ni. N kò mọ ti ilé ta ni."

"O bọ́ wọn síhòòhò!" Bàbá pariwo, agogo inú rẹ̀ sì dún gbà-á-à. "Mo sọ fún ọ! Mo sọ fún ọ!"

Ìbírónkẹ́ yọ díísìkì náà, ó sáré gbé e fún Bàbá. Aṣọ àwọn fáìlì orí rẹ̀ ṣì pé, nítorí ẹ̀dà ni Alágbèéká bọ́ láṣọ.

Ìtìjú mú Alágbèéká. Ó fẹ́ fi hàn pé òun náà gbọ́n. Kí Ìbírónkẹ́ tó yíjú padà, ó ti gbé díísìkì kejì mì. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, kò lè ka ìlà kan. Dípò kó sọ pé kò yé òun, ó ní ó ṣófo. Ó sì nù ún.

"Ìyá, mo ti bá yín nu èkejì mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ìbírónkẹ́ já díísìkì náà gbà, ó gbé e fún Bàbá. Bàbá wò ó títí.

"Ó ti tán," ló wí. "Ìtàn agbolé mẹ́sàn-án."

Ìbírónkẹ́ figbe ta. "Bàbá Ògúndépò ló sọ ti agbolé Ìjù fún mi, ọ̀sẹ̀ kejì ló kú! Ta ni n ó tún lọ bi? Ṣé kí n lọ gbẹ́ ilẹ̀ kí n bi òkú ni?"

"Ìyá, n kò mọ̀ ni—"

"O ò mọ̀, kí ló dé tí o ò bèèrè? Ohun tí ìwọ kò bá ti lè kà, ṣé òfìfo ni?"

Inú ń bí i débi pé kò lè sunkún. Ó po gọ́ọ̀mù, ó fi dí ẹnu Alágbèéká pátápátá. "Ẹnu tó jẹ ìtàn baba ènìyàn kò ní gbé nǹkan mì mọ́, tìẹ àti ti ìrandíran rẹ!"

Bàbá náà búra. "Èmi àti ìwọ kò ní kojú síra wa mọ́ láyé."

Ṣùgbọ́n àwọn ìtàn orí díísìkì kìíní kò gbọdọ̀ kú. Ìbírónkẹ́ lọ yá Alárinà lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan tí kì í ṣe àgbà, tí kì í ṣe ọmọdé, tó gbọ́ èdè àwọn méjèèjì, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣì ń gbé díísìkì mì. Bàbá di ara àti aṣọ fáìlì kọ̀ọ̀kan pọ̀ sínú ẹrù kan, ó so ó le. Alárinà gbé díísìkì ẹrù náà mì, ó fi okùn wáyà gbé ẹrù náà fún Alágbèéká. Alágbèéká gbà á, kò jẹ́ tú u.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà òde òní kò ti ní ẹnu tó ń gbé díísìkì mì mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Makintọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kì í fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ láìdì í lẹ́rù, tí ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan láàárín àgbà àti ọmọdé fi ń wá alárinà kiri.

Ní ti agbolé mẹ́sàn-án yẹn, wọ́n ṣì wà ní Ìdó-Omi. Ẹ bi wọ́n níbi tí baba wọn ti wá, wọn á kàn máa wò yín ni.