Ìkìlọ̀ Tí Kò Dé Etídò

Olùkọ́ Ògúnṣakin ló pa àkàwé yìí fún àwọn tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ ìkéde, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó níwájú rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà, akéde ni, níbi tí ìjọba ti sé odò ńlá kan. Òjò rọ̀ lókè odò, omi kún dẹ́nu, ó sì di dandan kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní kí akéde kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kí wọ́n kúrò lọ́nà omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lára wọn; apẹja ló fẹ́ ẹ.

Akéde kò ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó fi ìkìlọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń kà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó wọ agbádá, ó kà á lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò tíì bọ́ fìlà tí ìpè fi ń wọlé.

“A rí ọ o,” ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wí láti Ìbàdàn. “Àbí agbádá yẹn ló ń wọ̀ ọ́?”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn, títí ó fi kíyè sí i pé kò sí ẹnì kan tó pè láti etídò. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìgbà tí a ti sé odò ni iyanrìn ti yọ láàárín rẹ̀, orí iyanrìn náà ni àwọn apẹja pàgọ́ sí. Rédíò kan ṣoṣo ló wà lágọ̀ọ́. Ọ̀sán, bí wọ́n bá ń tún àwọ̀n ṣe, ni wọ́n ń tan án, ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń sọ ẹ̀ka èdè wọn nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́. Akéde ti fojú tín-ín-rín wo ilé-iṣẹ́ yìí, ó ní ìkéde ewúrẹ́ tó sọnù ni iṣẹ́ wọn.

Ọ̀sán ti kọjá. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìpè kò wọlé. Ó pe àwọn tó ń ṣọ́ omi níbi tí wọ́n ti sé e, kò rí wọn bá sọ̀rọ̀. Ó gba ọ̀nà etídò lọ. Ojúmọ́ ti mọ́ kí ó tó débẹ̀.

“Àbúrò mi,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké láti orí iyanrìn, “ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé o ti jẹun?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúrò níbẹ̀. Omi ń bọ̀.”

“Omi wo? Òjò ò rọ̀ níbí.”

Lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n náà, lókè odò, ohun kan ń hó bọ̀.

Ẹ̀yin akéde tuntun tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má ṣe bèèrè ibi tí wọn yóò ti rí yín. Ẹ bèèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti ibi tí etí rẹ̀ wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n náà sọ̀ kalẹ̀ láàyè láti orí igi tí omi gbé e há sí. Wọn kò rí ọkọ rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn sùn, wọ́n jí. Akéde ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀.