Ìyá Ológbò àti Wàrà Ọmọ Egbin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ré kété, ó ré gbàgà. Kò balẹ̀ sí oko, kò balẹ̀ sí odò, ó lọ balẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Egbin, arẹwà inú igbó, láàárọ̀ ọjọ́ tó bí àkọ́bí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Bí mo bá dá orin, kí ẹ máa gbè é pé "Wàrà ń bọ̀." Ṣé ẹ gbọ́?

A gbọ́!

Nígbà tí ẹranko ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, Egbin bí ọmọbìnrin kan. Ara ọmọ náà ń dán, etí rẹ̀ rọ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Egbin wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún díẹ̀, nítorí ayọ̀ abiyamọ kì í mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí òdìkejì odò láti lọ mú ìyá Egbin wá, kó wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀, odò kún, kò sí ẹni tó lè sọdá. Báyìí ló ṣe ku Egbin nìkan pẹ̀lú ìkókó.

Ìyá Ológbò gbọ́ igbe ọmọ, ó sáré dé, ó gbé igbá kékeré kan dání.

"O kú ewu ọmọ o!"

"Ẹ ṣé o, Ìyá. Ewu iná kì í pa àwòdì."

Egbin gbé ọmọ sọ́mú. Ológbò rí i pé omi ọmú tó kọ́kọ́ yọ pọ́n bí ìyeyè, ó sì ki bí oyin. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ló bá fọwọ́ lu àyà.

"Háà! Má fún un o! Ṣé o ò rí bó ṣe pọ́n ni? Láti ìgbà oyún ló ti wà níbẹ̀, ó ti kan! Èmi tí mo ti bí, tí mo tún bí, mo mọ̀ ọ́n. Fún un sínú igbá yìí kí n bá ọ lọ dà á nù sí ìdí ìrókò. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o máa tọ́ sí ọmọ lẹ́nu títí wàrà funfun yóò fi dé."

Ọkàn Egbin kò gbà á tán, ṣùgbọ́n ẹni tó ti bímọ rí ló ń bá ẹni tí kò bí rí sọ̀rọ̀. Ó fún un sínú igbá. Ológbò gbé igbá, ó jáde. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ìdí ìrókò ló lọ?

Rárá o!

Ẹ̀yìn ilé ló ba sí. Ó yọ ahọ́n, ó lá a, lá, lá, lá, igbá gbẹ féú!

Láàárọ̀, ó dé. Lọ́sàn-án, ó dé. Nírọ̀lẹ́, ó tún dé.

"Ṣé ó ti funfun?"

"Kò tíì funfun, Ìyá."

"Fún un síbí."

Irun Ológbò ń dán, ikùn rẹ̀ rí rogodo. Ṣùgbọ́n ọmọ Egbin ń rù. Igbe rẹ̀ tó ń han gooro di èyí tí a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Ètè rẹ̀ gbẹ. Aṣọ ìdí rẹ̀ kì í tutù mọ́. Bí Egbin bá fọwọ́ kàn án, bóyá ni yóò lajú. Ẹ̀rù ba Egbin. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó dá orin:

Ọmọ mi, má sùn lọ o,
*Wàrà ń bọ̀!*
Ìyá mi wà létí odò,
*Wàrà ń bọ̀!*
Ẹnu rẹ gbẹ, ọkàn mi gbẹ,
*Wàrà ń bọ̀!*
Dákun jí kí o wò mí o,
*Wàrà ń bọ̀!*

Bó ti ń kọrin, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi imú wá nǹkan kiri ní àyà ìyá rẹ̀. Àfi bí ọmú Egbin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kán fúnra rẹ̀, tó, tó, tó. Egbin wò ó, ó ní, "Àná òde yìí lọmọ yìí dáyé, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, ohun tó ń wá nìyí. Ta ló wá rán an?"

Ibẹ̀ ni Ológbò tún bá a. "Fún un síbí."

"Ẹ má bínú, Ìyá. N kò fún un mọ́."

"Ṣé kí ọmọ wá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ni?"

"Ìyá, ṣé ẹ wá rí i pé ó ń yè bó ṣe wà yìí?"

Egbin ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọmọ kàn ń fi erìgì lásán fún ṣóńṣó orí ọmú ni, ó ń dun Egbin, wàrà kò sì wá. Omijé dà lójú rẹ̀. Bó ṣe ń sunkún lọ́wọ́ ni ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ wọlé, omi odò ń kán lára wọn. Odò ti fà.

Ìyá Egbin jókòó ti ọmọ rẹ̀.

"Rọra, ọmọ mi. Má gbé ọmú lọ bá ọmọ, ọmọ ni kí o gbé wá bá ọmú. Jẹ́ kí ikùn rẹ̀ kan ikùn rẹ. Fi orí ọmú kàn án létè. Dúró... dúró... ó ti ya ẹnu gbàà, ó yá! Jẹ́ kó gba ibi tó dúdú náà sẹ́nu."

Ọmọ gbé e, ó fà á, mùkù, mùkù. Ọ̀fun rẹ̀ ń gbé e mì, gbì, gbì. Èjìká Egbin wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí ọmọ yó, ìyá àgbà gbé e lé èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ọmọ fi gùnfẹ̀, gẹ̀ẹ̀! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Egbin ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ológbò ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìyá àgbà pè é.

"Ìyá Ológbò, dúró ná. Níbo lo ń da wàrà ọmọ-ọmọ mi sí?"

"Ìdí... ìdí ìrókò ni."

"Jẹ́ ká jọ lọ wò ó."

Wọ́n dé ìdí ìrókò. Kò sí eṣinṣin, kò sí èèrà.

"Ohun tó dùn tó báyìí," ni ìyá àgbà wí, "èèrà kan ṣoṣo kò gbọ́ òórùn rẹ̀?"

Ológbò la ẹnu láti fèsì, àfi gẹ̀ẹ̀! Òun náà gùnfẹ̀! Òórùn wàrà gba gbogbo abẹ́ igi. Ọkọ Egbin pariwo, "Olè ọmú!" Ológbò fi eré sí i, fìrì! Kò dúró nínú igbó mọ́, ilé àwa ènìyàn ló sá wá, níbi tó ti ń tọrọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná títí dòní.

Ọmọ Egbin sanra. Wàrà funfun dé lẹ́yìn èyí tó pọ́n, ó pọ̀ jù fún un. Ìyá àgbà ń wẹ ọmọ, ọkọ ń se ọbẹ̀ gbígbóná, bí ọmọ bá sùn, wọ́n á ní kí Egbin náà sùn. Ó sì ń sùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibí yìí ni àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lọ́. Bí n kò bá bù mọ́ ọn ńkọ́?

Kí ahọ́n yín máa dùn!

Àmín. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé wàrà tó kọ́kọ́ yọ, ti ọmọ tuntun ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ kọ́kọ́ wo ikùn ẹni tí ìmọ̀ràn náà ń bọ́.